Gọ́tà Tí Omi Rẹ̀ Kò Fẹ́ Ṣàn: Àkọsílẹ̀ Ìwọ̀n, Ìṣirò àti Àtúnṣe

Iṣẹ́ náà: gọ́tà kọnkéré kan ní ẹ̀gbẹ́ títì àdúgbò kan ní Ìbàdàn, mítà 120 ní gígùn. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí ẹnu kọ́fáàtì tó gba abẹ́ títì kọjá lọ sínú odò. Ẹjọ́ àwọn onílé ni pé omi ń dúró sí àárín gọ́tà náà kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń rùn, ẹ̀fọn sì ti sọ ibẹ̀ dilé. Bíríkìlà tó ṣe é ní iṣẹ́ òun da gẹ̀rẹ́ bó ṣe yẹ, pé pàǹtírí tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ló ń dá omi dúró. Ẹgbẹ́ onílé ní kí n wá fi ẹ̀rọ wò ó kí wọ́n tó tún ná kọ́bọ̀ sí i.

Mo ń kọ èyí fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ̀fẹ́yọ̀ àti fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé ìwé lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n gíga ilẹ̀ sí, síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà iṣẹ́ náà gan-an ni mo lò, kí ẹ lè fi bírò yín tẹ̀ lé e.

Kí ẹ̀rọ tó dúró

Ẹrẹ̀ ni a kọ́kọ́ kó. Bí ọ̀pá ìwọ̀n bá jókòó lórí ẹrẹ̀, gíga ẹrẹ̀ la wọ̀n, a ò tíì mọ nǹkan kan nípa kọnkéré. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi ṣọ́bìrì kó o, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ gbá a títí ojú sìmẹ́ńtì fi yọ. Lẹ́yìn náà ni a fa téèpù láti òkè, a fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri gọ́tà ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti 0 títí dé 120 ní ẹnu kọ́fáàtì.

Ẹ̀rọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí a fi ń wo ọ̀pá ìwọ̀n láti ka gíga, mo ti fi pẹ́ẹ̀gì méjì dán an wò kí n tó gbé e jáde. Pẹ́ẹ̀gì A àti B jìnnà síra ní mítà 50. Mo gbé ẹ̀rọ sí àárín wọn gẹ́lẹ́: kíkà ọ̀pá lórí A jẹ́ 1.425 mítà, ti B jẹ́ 1.212, ìyàtọ̀ 0.213. Bí ojú ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ń wo òkè díẹ̀ tàbí ó ń wo ilẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ṣì tọ̀nà, torí pé ọ̀nà méjèèjì gùn bákan náà, àṣìṣe tó wọ A ló wọ B, bí a bá sì ti yọ ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Mo wá gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ A. A di 1.538, ó yẹ kí B jẹ́ 1.325. Mo ka 1.326. Mílímítà kan nínú mítà 50 kò lè ba iṣẹ́ gọ́tà jẹ́, pàápàá nígbà tí n kò ní jẹ́ kí ìwòran kankan láti ẹ̀rọ dé ọ̀pá gùn ju nǹkan bíi mítà 30 lọ nígbà ìwọ̀n. Ní irú ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀, ti yíyípo ilẹ̀ ayé tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nílé ìwé kò tó ìdá mẹ́wàá mílímítà kan.

Àwọn ọmọ-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ tuntun kò nílò ìdánwò. Ẹ̀rọ tó ti jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà rí kì í ṣe tuntun mọ́.

Ibi tí a ti ń ka gíga

Gíga ilẹ̀ ní Nàìjíríà, láti ojú òkun ní Èkó ni a ti ń kà á. Bí ó bá jẹ́ afárá tàbí ilé-omi ìlú ni, n bá wá bẹ́ǹṣímáàkì ìjọba, ìyẹn àmì tí wọ́n ti mọ gíga rẹ̀, rí kí n tó ṣe ohunkóhun. Gọ́tà yìí kò bèèrè ìyẹn. Ohun tó kàn án ni ìyàtọ̀ gíga láàárín ibì kan àti ibi kejì nínú ara rẹ̀. Nítorí náà, igun àtẹ̀gùn kọnkéré ilé ìjọsìn tó wà lókè àdúgbò ni mo mú, mo fi ṣísẹ́lì gbẹ́ àmì sí i, mo sì fún un ní 100.000 mítà. TBM1 ni mo pè é, ìyẹn bẹ́ǹṣímáàkì ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́. Mo lè pè é ní 0.000, àmọ́ gbogbo ìsàlẹ̀ gọ́tà ni yóò di nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Igun ògiri orí kọ́fáàtì nísàlẹ̀ ni mo fi ṣe TBM2.

Ìwé náà

Òfin mi lórí ìwé lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò pọ̀, àmọ́ n kì í gba ẹ̀bẹ̀ lórí wọn. Ìlà kan jẹ́ ti ibì kan tí ọ̀pá dúró sí. Kíkà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ni BS (kíkà ẹ̀yìn), èyí tó kẹ́yìn kí a tó gbé e kúrò ni FS (kíkà iwájú), gbogbo ohun tó wà láàárín jẹ́ IS (kíkà àárín). Ibi àyípadà, ìyẹn CP, ní kíkà méjì: FS láti ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀, BS láti ibi tuntun. Ìlà kan náà ni méjèèjì ń wà. Ẹni tó bá kọ wọ́n sórí ìlà méjì ti sọ pé ibi méjì ni.

Bírò ni a fi ń kọ. Bí akọ̀wé bá ṣì í kọ, yóò fa ìlà kan lé e lórí kí ó ṣì ṣeé kà, yóò kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀. A kì í pa nǹkan rẹ́, a kì í sì í ṣe àdàkọ sínú ìwé mìíràn nílé torí pé òjò ti kán sí èyí tí a gbé lọ sí oko iṣẹ́. Ìwé tó mọ́ jù máa ń fu mí lára.

Bí èmi bá ti kà á nínú ẹ̀rọ, mo máa ń pe nọ́ńbà náà ní oókan-oókan, akọ̀wé á kọ ọ́, á sì pè é padà fún mi kí ọ̀pá tó ṣí. “Méjì, òdo, ọ̀kan, òdo.” “Méjì, òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀gá.” Mo tún máa ń wo inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tó bá ti dáhùn, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni ojú máa ń rí i pé 2.1 ni òun kà sí 2.0. Lójú ọ̀pá, àpótí dúdú tàbí funfun kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Mílímítà, ojú ni a fi ń pín in. Bí oòrùn bá ti mú, tí ooru ń jó lójú kọnkéré, àpótí yẹn á máa mì, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí irú iṣẹ́ yìí ti parí kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù.

Ẹni tó di ọ̀pá mú ní iṣẹ́ méjì tí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ìsàlẹ̀ gọ́tà jìn, kíkà wa ju mítà méjì lọ, nítorí náà apá kejì ọ̀pá gbọ́dọ̀ yọ jáde títí yóò fi dún “kẹ̀”. Bí kò bá dún, ó lè rọra sọ̀ wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Èkejì, ìfóofòó inú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà láàárín. Bí gíláàsì náà bá ti fọ́, bí ó ti fọ́ lára ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí mo ti rí, kí ó máa rọra ti orí ọ̀pá síwájú sẹ́yìn. Kíkà tó kéré jù lọ ni ti ọ̀pá tó dúró ṣánṣán.

Ohun tó wà nínú ìwé wa nìyí. Mo ti fi ìṣirò kún un; RL ni gíga ibi kọ̀ọ̀kan ní mítà:

| BS | IS | FS | Gígòkè | Sísọ̀kalẹ̀ | RL | Ibi |
|---|---|---|---|---|---|---|
| 1.258 | | | | | 100.000 | TBM1 |
| | 2.516 | | | 1.258 | 98.742 | 0 |
| | 2.568 | | | 0.052 | 98.690 | 10 |
| | 2.617 | | | 0.049 | 98.641 | 20 |
| | 2.673 | | | 0.056 | 98.585 | 30 |
| | 2.722 | | | 0.049 | 98.536 | 40 |
| | 2.776 | | | 0.054 | 98.482 | 50 |
| 1.317 | | 2.054 | 0.722 | | 99.204 | CP1, igun kọnkéré géètì |
| | 2.074 | | | 0.757 | 98.447 | 60 |
| | 2.053 | | 0.021 | | 98.468 | 70 |
| | 2.010 | | 0.043 | | 98.511 | 80 |
| | 2.069 | | | 0.059 | 98.452 | 90 |
| | 2.136 | | | 0.067 | 98.385 | 100 |
| | 2.190 | | | 0.054 | 98.331 | 110 |
| | 2.251 | | | 0.061 | 98.270 | 120, ẹnu kọ́fáàtì |
| 1.612 | | 1.485 | 0.766 | | 99.036 | TBM2 |
| | 2.138 | | | 0.526 | 98.510 | 80, àtúnkà |
| | 2.181 | | | 0.043 | 98.467 | 70, àtúnkà |
| | 2.200 | | | 0.019 | 98.448 | 60, àtúnkà |
| | 2.165 | | 0.035 | | 98.483 | 50, àtúnkà |
| 2.018 | | 1.390 | 0.775 | | 99.258 | CP2 |
| | | 1.280 | 0.738 | | 99.996 | TBM1, ìpadàbọ̀ |

Ìṣirò

Ọ̀nà méjì ni a fi ń sọ kíkà di gíga. Àkọ́kọ́ ni gíga ojú ẹ̀rọ: fi BS kún gíga TBM1, ìyẹn 100.000 + 1.258, ojú ẹ̀rọ wà ní 101.258. Láti ìgbà náà, kíkà yòówù tí o bá ṣe níbẹ̀, yọ ọ́ nínú 101.258, o ti rí gíga. Ibi 0: 101.258 − 2.516 = 98.742. Ó yá, ó rọrùn, bíríkìlà pàápàá lè bá ọ ṣe é. Ọ̀nà kejì ni gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, èyí tó wà nínú tábìlì yẹn: fi kíkà kọ̀ọ̀kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀ láti ibi ẹ̀rọ kan náà. Bí kíkà bá pọ̀ sí i, ilẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá dínkù, ilẹ̀ ti gòkè. Ó pẹ́ díẹ̀, inú akọ̀wé kì í sì í dùn sí i.

Yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú mi. Gbogbo BS jẹ́ 1.258 + 1.317 + 1.612 + 2.018 = 6.205. Gbogbo FS jẹ́ 2.054 + 1.485 + 1.390 + 1.280 = 6.209. Ìyàtọ̀, −0.004. Gbogbo gígòkè jẹ́ 3.100, gbogbo sísọ̀kalẹ̀ 3.104, ìyàtọ̀, −0.004. Gíga ìkẹyìn yọ ti àkọ́kọ́, 99.996 − 100.000, −0.004. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Mílímítà mẹ́rin yẹn ni àlàfo tí a kò lè dí nígbà tí a padà dé TBM1. Fún iṣẹ́ ìkọ́lé, 12√K mílímítà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà láàyè, K jẹ́ gígùn ìrìnàjò náà ní kìlómítà. Tiwa tó nǹkan bíi 0.3, ìyẹn fún wa ní 6.6. Mẹ́rin wọlé.

Ibi mẹ́rin ni ẹ̀rọ dúró sí, mílímítà mẹ́rin ló ṣẹ́kù, nítorí náà mo pín ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wọn: CP1 gba 1, TBM2 gba 2, CP2 gba 3, TBM1 gba 4 tó fi padà sí 100.000. TBM2 di 99.038, gíga tí a ó lò nígbà àtúnṣe nìyẹn. Gíga ìsàlẹ̀ gọ́tà, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí tírówẹ̀ẹ̀lì tó mọ mílímítà kan.

Ohun tí ìṣirò kò lè rí

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Bí mo bá lo gíga ojú ẹ̀rọ, tí akọ̀wé yọ 2.673 nínú 101.258, tó wá kọ 98.685 dípò 98.585, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Kò sí nǹkan kan. BS yọ FS ṣì jẹ́ −0.004, gíga ìkẹyìn ṣì bára mu, ìwé náà yóò sì dà bí ẹni pé ó pé, torí pé IS kò kópa nínú àyẹ̀wò yẹn rárá. Nínú tábìlì wa, mẹ́tàdínlógún ni IS. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè wá, inú IS ni gbogbo rẹ̀ wà, àyẹ̀wò tí gbogbo ènìyàn ń ṣe kò sì fojú kàn án. Àyẹ̀wò mìíràn wà fún ọ̀nà yẹn: sọ gíga ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po iye IS àti FS tí a kà níbẹ̀, kó wọn jọ, yọ gbogbo IS àti FS kúrò, ohun tó kù gbọ́dọ̀ bá àròpọ̀ gbogbo RL yàtọ̀ sí àkọ́kọ́ mu. Ó ṣiṣẹ́. Ta ló ń ṣe é? N kò tíì rí i nínú ìwé oko iṣẹ́ kankan.

Gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ kò jẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sá lọ. RL kọ̀ọ̀kan lórí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló dúró sí. Bí 30 bá ṣìnà, 40 ṣìnà, gbogbo wọn ṣìnà dé ìsàlẹ̀, àyẹ̀wò ìkẹyìn á sì pariwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lò ó nígbàkígbà tí IS bá pọ̀. Lórí fóònù, nínú Excel, kò gba àkókò ju ọ̀nà gíga ojú ẹ̀rọ lọ.

Àmọ́ òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ojú bá ka 2.153 níbi tí ọ̀pá wà ní 2.053, ní ibi 70, ìyàtọ̀ méjèèjì tó yí i ká á yí padà, ọ̀kan á fi 0.100 sọ̀kalẹ̀, èkejì á fi 0.100 gòkè, wọn á sì pa ara wọn rẹ́. Àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bára mu, gọ́tà náà á sì ní ihò tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ìṣirò kankan lábẹ́ ọ̀run tó lè mú un. Ọ̀pá nìkan ló lè mú un: kí ó padà lọ dúró níbẹ̀, kí a sì kà á láti ibi ẹ̀rọ mìíràn. Ìdí àwọn ìlà “àtúnkà” inú tábìlì nìyẹn. Mo fi ẹ̀rọ sí ibòmíràn mọ̀ọ́mọ̀, torí gíga ojú ẹ̀rọ ti yí padà, nọ́ńbà tí a ó kà kì í ṣe èyí tí akọ̀wé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò lè fi ti àná dáhùn fún mi. 80 fún wa ní 98.511 nígbà àkọ́kọ́, 98.510 nígbà èkejì. 70, 98.468 àti 98.467. 60, 98.447 àti 98.448. 50, 98.482 àti 98.483. Nígbà yìí ni mo gbà pé òkè tó wà ní 80 kì í ṣe ti ojú mi.

A ṣe gbogbo ìṣirò yìí lábẹ́ igi, kí a tó ká ẹ̀rọ. Mílímítà mẹ́rin lè di sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí a ti lè tún un ṣe nílé.

Ohun tí gọ́tà náà ń ṣe

Ẹ wo òpó RL. Láti 98.742 lókè dé 98.270 ní kọ́fáàtì, gọ́tà sọ̀kalẹ̀ ní mílímítà 472 nínú mítà 120, ìyẹn 1 nínú 254. Kò burú. Àmọ́ láti 60 sí 80, ó gòkè pẹ̀lú mílímítà 64. Omi kò lè kọjá àfi bí ó bá kún dé 98.511. Bí ó bá kún débẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà dé àárín 40 àti 50, ní nǹkan bíi mítà 45. Adágún tó gùn ní mítà 35, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà níbi tó jìn jù lọ, nìyẹn. Nígbà tí mo sọ pé láti iwájú ilé báyìí dé ilé báyìí ni omi ń dúró sí, àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní àbí mo ti ń gbé àdúgbò náà tẹ́lẹ̀ ni.

Bàbá alága kò fẹ́ gbọ́ nọ́ńbà. “Sọ̀fẹ́yọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ Ògùnpa ọdún 1980 ṣojú mi, ti 2011 náà ṣojú mi. Ẹ má fi ìṣirò dá mi lóhùn. Ṣé ó da gẹ̀rẹ́ ni àbí kò da gẹ̀rẹ́?”

“Bàbá, ó da gẹ̀rẹ́. Àárín ni kò da gẹ̀rẹ́.”

Bíríkìlà náà bọ́ fìlà. “Mo ní ẹ gbọ́! Òkè ga ju ìsàlẹ̀ lọ.” Òótọ́ ló sọ. Rọ́bà omi ló fi wọ̀n ọ́n, láti òkè dé kọ́fáàtì, ìpẹ̀kun méjèèjì sì tọ̀nà. Òun náà ti ṣe àyẹ̀wò BS àti FS, ó fi IS sílẹ̀. Nígbà tí a tọpinpin rẹ̀, ó hàn pé onílé kan ti da ìsàlẹ̀ gọ́tà iwájú ilé tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó gbé iṣẹ́ síta. Àwọn tó wá lẹ́yìn kò fọ́ ọ. Wọ́n da ti òkè wá pàdé rẹ̀, wọ́n da ti ìsàlẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Àtúnṣe

Àbá àkọ́kọ́ ni kí a fi kọnkéré gbé ìsàlẹ̀ gọ́tà sókè láti 0 dé 80 kí ó lè fò kọjá òkè yẹn láìfọ́ nǹkan kan. Owó rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ onílé sì fẹ́ ẹ. Mo kọ̀ ọ́. Ní 60, ìsàlẹ̀ á ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà méjìlá, páìpù balùwẹ̀ ilé mẹ́ta tó ń tú sínú gọ́tà níbẹ̀ á wà lábẹ́ omi nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀. Kí a máa gbé omi tó dúró kúrò nínú gọ́tà lọ sínú balùwẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe.

Èyí tí a fẹnu kò sí: láti 0 dé 20 dára, ẹ fi sílẹ̀. Láti 20, ní 98.641, kí a fa ìlà tààrà dé kọ́fáàtì, 98.270. Mílímítà 371 nínú mítà 100, 1 nínú 270. Láti 30 dé 60, a ó fi ìyẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì kún un: mílímítà 19 ní 30, 31 ní 40, 48 ní 50, 46 ní 60. Láti 70 lọ ni gígé: 12, lẹ́yìn náà 93 ní 80, 71 ní 90, 41 ní 100, 24 ní 110. Ìsàlẹ̀ gọ́tà náà kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, kò sí bí a ṣe lè bó 93 kúrò lára rẹ̀ kí nǹkan kan kù, nítorí náà wọ́n fọ́ ọ pátápátá láti 70 dé kọ́fáàtì, wọ́n walẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n sì tún un dà. Onílé tó ni ọ̀nà ọkọ̀ náà bínú díẹ̀. Ó san owó sìmẹ́ńtì tirẹ̀.

Ibi tí a ti ń kún un, mo ní kí wọ́n fi ṣísẹ́lì dá ojú kọnkéré àtijọ́ lápá kí wọ́n sì da omi sí i kí wọ́n tó lẹ tuntun mọ́ ọn, pàápàá ní 30 tí kò nípọn ju mílímítà 19 lọ. Bí ojú rẹ̀ bá ń dán, yóò ṣí kúrò bí èèpo.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré, ẹ̀rọ tún jáde. Ọ̀pá lórí TBM2: 1.540. 99.038 + 1.540, ojú ẹ̀rọ wà ní 100.578. Kí a tó sọ ohunkóhun fún bíríkìlà, a gbé ọ̀pá lọ sórí TBM1. Ó yẹ kó jẹ́ 0.578, a ka 0.577. TBM kankan kò tíì ṣí. Mo wá kọ kíkà tí mo fẹ́ ní ibi kọ̀ọ̀kan sórí páálí kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: 30, 1.974; 40, 2.011; 50, 2.048; 60, 2.085; 70, 2.122; 80, 2.160; 90, 2.197; 100, 2.234; 110, 2.271; 120, 2.308. Wọ́n gbé ọ̀pá lé orí òkìtì sìmẹ́ńtì kékeré ní ibi kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ “ẹ lù ú wálẹ̀ díẹ̀”, “ó tó”, títí kíkà fi bá ti páálí mu. Láàárín òkìtì kan sí èkejì, bíríkìlà fi igi gígùn fà á tẹ́jú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí. Rọ́bà rẹ̀ nìkan ni kò lè rí àárín.

Lẹ́yìn tó gbẹ

A tún wọ̀n ọ́n, ọ̀nà kan náà, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. 20, 98.641; 30, 98.606; 40, 98.566; 50, 98.532; 60, 98.488; 70, 98.458; 80, 98.415; 90, 98.385; 100, 98.342; 110, 98.309; 120, 98.270. Èyí tó jìnnà sí ìlà jù lọ ni 60, mílímítà 5 sísàlẹ̀. Láàárín ibì kan àti èkejì, sísọ̀kalẹ̀ tó kéré jù jẹ́ mílímítà 30, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 44. Kò sí gígòkè kankan. Wọ́n da garawa omi sí i lókè, wọ́n sì rìn tẹ̀ lé e dé kọ́fáàtì.

Ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, pẹ̀lú àwòrán ibi tí TBM1 àti TBM2 wà àti gíga wọn. Mo ti kì wọ́n nílọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ da iwájú ilé rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè gíga ibi tirẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ohun tó kù ni òdìkejì kọ́fáàtì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún dà bí ẹni pé ó ga ju ti ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé lọ, àmọ́ ojú lásán ni mo fi wò ó, àdúgbò kejì ló sì ni ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà kí a kó ẹrẹ̀ wọn, TBM2 ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.